Òdo Àárín

Owó kaṣú ọdún yìí la fi rà á,
àpò mọ́kànlélógún, yàtọ̀ sí èyí tí òjò òjijì bàjẹ́ lóko:
pánẹ́ẹ̀lì mẹ́rin lórí páànù tó ti pọ́n bí ilẹ̀ Ìsánlú,
bátìrì kan tó wúwo ju àgbò lọ,
àti ínfátà funfun tó ń kùn lábẹ́lẹ̀
bí ẹni tó ń ka owó nínú òkùnkùn.

Abéjìdé, ẹni tó bá òjò wáyé,
òun la bẹ̀ pé kó wá bá wa so oòrùn mọ́lé.
Ó gun àga, ó ṣí àpótí bíréékà.
Ọmọńlé kan já bọ́, ó sá wọ abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù.
Ìkọ̀wé Bàbá ṣì wà níbẹ̀, báírò búlúù lórí pálí:
Pálọ̀. Yàrá Ìyá. Pọ́ǹpù.
Àti ọ̀kan tó kọ Ṣọ́ọ̀bù sí,
ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti wó kí wọ́n tó bí mi.

"Ṣé ẹ máa gé ti Nẹ́pà kúrò ni?" Màmá bèèrè.
Ọdún kẹta rèé tí òpó ẹnu ọ̀nà ti ń ru wáyà lásán,
ẹyẹ ẹ̀gà nìkan ló ń rí i lò.
"Bó bá dé ńkọ́?
A kì í ju ẹní ẹni tó rìnrìn àjò síta."

Bàbá kò dáhùn. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì,
ọwọ́ ọ̀tún lórí itan,
ìka méjì àti àtàǹpàkò.
A kì í sọ ọ́ nílé wa, àmọ́ gbogbo àdúgbò ló mọ̀:
orí òpó ló wà, lójú ọ̀nà Ẹ̀gbẹ̀,
ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ pa iná,
kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ̀.
Ẹnìkan nísàlẹ̀ tan jẹnẹrétọ̀,
ó ki wáyà bọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ ṣáá,
iná sì gba ẹ̀yìn ilé jáde,
ó gun òpó lọ bá a.

Abéjìdé di wáyà mú, pupa àti dúdú.
"Ẹ jẹ́ n dè é mọ́ bíréékà yìí,
kí ẹ ṣáà máa rántí pa ti òkè ná."
"Rántí?" Bàbá ní.
Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ láti àárọ̀ nìyẹn.
"Ta ní ń rántí lóru?"

Ló bá rán mi ní Kàbà lọ ra ṣéńjọ́fà,
àpótí irin kékeré, apá kan ṣoṣo lára rẹ̀:
ení lókè, èjì nísàlẹ̀, òdo láàárín.
Bàbá fi ìka mẹ́ta gbé e sókè, ó gbé e sísàlẹ̀,
kó, kó,
bí ẹni tó ń dán eyín ọmọ wò.
"Apá kan ló dára kó ní.
Kó tó fi ẹnìkan sílẹ̀ lọ bá ẹnìkejì,
ó gbọ́dọ̀ kọjá níbi tí kò ti di ẹnikẹ́ni mú."

Irin ilẹ̀ kọ̀, kò wọlé.
Ẹ̀ẹ̀mẹta la gbá a, ẹ̀ẹ̀mẹta ló bá àpáta,
àfìgbà tí a gbé e lọ sẹ́yìn balùwẹ̀
níbi tí omi ọṣẹ ti rọ ilẹ̀ fún wa.

Ìrọ̀lẹ́, gílóòbù pálọ̀ tàn.
Màmá dìde fún un:
"Okun o. Okun o. Ṣé dáadáa lo dé?"
Ó tún ní ṣé áyọ́ọ̀nù lè wọ̀ ọ́.
Abéjìdé ní rárá, Màmá, ẹ má dán an wò.

Lóru mo gbọ́ ẹsẹ̀ Bàbá.
Ó fọwọ́ kan ṣéńjọ́fà, ó ṣílẹ̀kùn,
ó mú tọ́ọ̀ṣì jáde sẹ́nu ọ̀nà,
ó ń tàn án sí orí òpó,
ó ń wo ibẹ̀ pẹ́,
bóyá ẹnìkan wà níbẹ̀.